Vape nínú ọsibítù: bàbá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì l'Ákùúrẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Ìdànrè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Bàbá mi ló wà ní ọsibítù, ó di ọjọ́ kọkànlá lónìí. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, ẹni ọdún 68, èèyàn tó ṣì ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ sóko láìpẹ́ yìí. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni wọ́n ṣubú ní bálùwẹ̀, ká tó gbé wọn dìde ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún ò gbéra mọ́, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu wọn. Sitiróòkù ni. Mọ́tò aládùúgbò la fi gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láti Ìdànrè wá s'Ákùúrẹ́, látìgbà náà èmi ni mò ń sùn tì wọ́n, orí ẹní ní kọ́rídọ̀. Èmi ni mò ń sáré lọ ra oògùn, èmi ni mò ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù, èmi ni mò ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní wákàtí méjì méjì bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n máa ṣe é kí egbò má baà dá sí wọn nídìí. Èmi ni àkọ́bí. Àwọn àbúrò mi wà l'Ékòó, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ owó kì í yí èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lóru.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá gan-an nìyí. Mo fa sìgá fún ọdún mẹ́sàn-án, mi ò fi pamọ́ fún yín. Ó ti tó ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ tí mo ti fi vape, sìgá oníbátìrì yẹn, jáwọ́ nínú ẹ̀, látìgbà náà mi ò fi igi sìgá kan sẹ́nu, inú ìyàwó mi dùn, inú èmi náà dùn. Tẹ́lẹ̀, àárọ̀ àti alẹ́ ni mo máa ń fa vape yẹn, ó parí. Àmọ́ látìgbà tí bàbá ti ṣubú mi ò lè ka iye ìgbà mọ́. Tí dókítà bá ti wọlé báyìí àyà mi á máa lù kìkì, bó bá ṣe ń jáde èmi náà ti ń jáde. Tí wọ́n bá kọ oògùn tuntun tí mo bá wo iye tí fámásì pè é, mo ti bọ́ síta. Tí bàbá bá ń sunkún lóru torí pé wọ́n fẹ́ pe orúkọ mi kò sì jáde lẹ́nu wọn, ha, ìyẹn ló burú jù, mi ò kì í lè dúró.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí aago méjì òru, òjò ń rọ̀ burúkú níta, mi ò lè jáde, ni mo bá wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì wọ́ọ̀dù, mo fà á lẹ́ẹ̀mejì péré. Bí mo ṣe ń jáde ni nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó pariwo mọ́ mi o, gbogbo àwọn tó ń sùn ló jí. Ó ní ṣé mo fẹ́ sun wọ́ọ̀dù ni, ṣé mi ò rí bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tọ́lẹ́ẹ̀tì tí ọ́síjìn wà nímú wọn, pé tóun bá tún rí i lọ́wọ́ mi òun á pe sìkiọ́rítì kí wọ́n lé mi síta. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wojú ìyàwó bàbá ọlọ́síjìn yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń fún mi ní omi gbígbóná.

Ṣé lóòótọ́ ni vape lè dá iná sílẹ̀ nítòsí ọ́síjìn? Mo rò pé kò níná nínú ni. Ṣé ó ń pa àwọn aláìsàn lára? Tí mo bá dẹ̀ ní kí n gbé e sílẹ̀ pátápátá lásìkò tí ọkàn mi ò balẹ̀ yìí, ẹ̀rù ń bà mí pé màá padà sídìí sìgá, torí pé ọkùnrin tó ń ta nǹkan lẹ́nu gééti ń já sìgá tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ dúró síwájú ẹ̀ tí mo tún yí padà. Ẹ ràn mí lọ́wọ́.

FUTA_Vaper

Bọ̀ọ̀dá ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an o, Ọlọ́run á gbé bàbá dìde. Èmi ń ta vape lápá North Gate FUTA, yunifásítì tó wà l'Ákùúrẹ́ níbí, ohun tí mo mọ̀ ni pé nọ́ọ̀sì yẹn le jù. Vape ò ní iná, kò ní eérú, omi ló ń gbóná tó ń di èéfín bíi ti ìkòkò tó ń hó, òórùn ẹ̀ gan-an dídùn ni. Àwọn oníbàárà mi ń fà á nínú yàrá wọn, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó yín láyà jẹ. Ẹ kàn má jẹ́ kí wọ́n rí yín ni.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Oǹdó

Àbúrò mi Ọmọ_Ìdànrè, ẹ kú wàhálà bàbá o, ẹ kú ìdúró tì. Ọdún kẹrìnlá mi rèé nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Oǹdó ni mo wà. Mi ò ní pariwo mọ́ ọ, o ti gba ariwo tó o máa gbà, àmọ́ màá là á yé ọ torí kò jọ pé ẹnikẹ́ni jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún ọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ká sì sọ òótọ́, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń tọ́jú bí ogún èèyàn ní aago méjì òru ò ráyè àlàyé.

Ọ́síjìn fúnra ẹ̀ kì í jó. Ohun tó ń ṣe ni pé gbogbo nǹkan tó bá wà láyìíká ẹ̀ ló ń jẹ́ kó rọrùn láti gbiná, kí iná náà dẹ̀ jó kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí yìí, ọ́síjìn ò ju 21 nínú 100 lọ. Èyí tó ń ti inú sílíńdà jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ́síjìn nìkan. Kì í dẹ̀ ṣe pé gbogbo ẹ̀ ló ń wọ imú aláìsàn, ó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ó ń wọ inú bẹ́ẹ̀ṣíìtì, inú ìrọ̀rí, inú aṣọ, inú irun, ó ń dúró síbẹ̀. Nǹkan tí ì bá kàn jó díẹ̀ kó kú, tí ọ́síjìn bá ti wọ inú ẹ̀, á gbiná gbòò ni.

Vape tó o ní kò níná yẹn ńkọ́? Wáyà tín-ín-rín kan wà nínú ẹ̀ tó ń gbóná gan-an nígbàkúùgbà tó o bá fà á, òun ló ń sọ omi yẹn di èéfín. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù, irú èyí tó wà nínú fóònù, ló ń gbé wáyà yẹn ṣiṣẹ́. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ máa ń bú nígbà mìíràn, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe ní gbàrọgùdù, tàbí tí wọ́n fi ṣájà tí kì í ṣe tiẹ̀ ṣá á, tàbí tó wà lápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti owó wẹ́wẹ́ tí irin kan irin. Jọ̀ọ́, níbo lo ti ń ṣá tìẹ? Torí mo mọ̀ pé ìdí bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ki ṣájà bọ̀, tí iná bá ti dé báyìí gbogbo ihò tó wà lára ògiri ló ti kún. Èmi fúnra mi ti yọ vape tó ń ṣá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà rí. Mo gbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀.

Tọ́lẹ́ẹ̀tì tó o wọ̀ kì í ṣe ìta, àbúrò mi. Ilẹ̀kùn ẹ̀ sí wọ́ọ̀dù ló ṣí, afẹ́fẹ́ kan náà ni.

FUTA_Vaper, àbúrò, mo gbọ́ tìẹ náà, mo mọ̀ pé oore lo rò pé ò ń ṣe, àmọ́ má sọ fún oníbàárà kankan mọ́ pé omi ni. Kì í ṣe omi. Kẹ́míkà olómi méjì, propylene glycol àti glycerine, ni wọ́n fi pò ó, wọ́n wá fi nikotíìnì sí i, wọ́n fi nǹkan òórùn dídùn sí i. Nígbà tí wáyà yẹn bá ń gbóná, irin wẹ́wẹ́ díẹ̀ lè bá a jáde. Kò tó ti sìgá o, mo gbà, torí kò sí ewé tó ń jó níbẹ̀, kò sí táà (ọ̀dà dúdú yẹn), kò sí carbon monoxide (gáàsì olóró) bíi ti sìgá. Àmọ́ ẹni tó ní ikọ́ẹ̀fe, ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ti gbọgbẹ́, tó bá fa èéfín ẹlòmíì símú, ó lè dá ikọ́ sílẹ̀ fún un. Aláìsàn ò yan ẹni tó máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Òfin tábà ti 2015 ní orílẹ̀-èdè yìí dẹ̀ ti fòfin de sìgá mímu ní ọsibítù, kò sí ọsibítù tó máa dúró bá ọ ṣe àríyànjiyàn pé vape kì í ṣe sìgá.

Ní ti ìbẹ̀rù tó ń bà ọ́ pé wàá padà sídìí sìgá, ìbẹ̀rù gidi ni, mi ò fojú kéré ẹ̀. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún ọ nípa ìfọ̀kànbalẹ̀ tó o rò pé vape ń fún ọ. Nikotíìnì ò kì í jẹ́ kí ọkàn rọra lù, ńṣe ló ń mú kó sáré, ó dẹ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Bó o ṣe fà á báyìí, kó tó ìṣẹ́jú kan ó ti dé ọpọlọ, ara á tù ọ́. Lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, ìdajì ẹ̀ ti kúrò lára, ara wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè òmíràn: inú á máa bí ọ, o ò ní lè jókòó jẹ́ẹ́, àyà á máa já. O wá rò pé tìtorí bàbá nìkan ni. Tìtorí bàbá ni lóòótọ́, àmọ́ nikotíìnì tó ń tán lára náà wà níbẹ̀. Nígbà tó o bá tún fà á, ìnira tí òun fúnra ẹ̀ dá sílẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mú kúrò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó o ṣe ń fà á tó ni wàá ṣe máa nílò ẹ̀ tó.

Ọmọ ẹni tó ní sitiróòkù dẹ̀ ni ọ́. Ṣé wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tìẹ? Ẹ̀rọ yẹn wà ní wọ́ọ̀dù. Lọ bá nọ́ọ̀sì tó pariwo mọ́ ọ yẹn, tọrọ àforíjì, kó o ní kó bá ọ wọ̀n ọ́n.

Ọmọ_Ìdànrè

Àǹtí nọ́ọ̀sì ẹ ṣé gan-an. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń ka ti ṣájà yẹn torí ìdí bẹ́ẹ̀dì bàbá gan-an ni mo ti ń ṣá a. Mo ti yọ ọ́. Mi ò mọ̀, mo fi Ọlọ́run búra pé mi ò mọ̀. Màá lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn.

Akúrẹ́_ní_Birmingham

Bọ̀ọ̀dá ẹ kú ìdúró ti bàbá. Ọmọ Òkè-Àró ni mí, Birmingham ni mò ń gbé, èmi náà fi vape jáwọ́ nínú sìgá ni, ìdí nìyí tí mi ò fi lè ka tiyín kí n kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ní ìlú tí mo wà torí àwọn kan á máa sọ pé "ní London wọ́n ń fà á ní ọsibítù". Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní 2019, ọsibítù méjì lágbègbè wa níbí, Sandwell General àti City Hospital, gba ṣọ́ọ̀bù vape láàyè nínú ọgbà wọn, wọ́n fòfin de sìgá pátápátá nínú ọgbà náà, wọ́n ní ẹni tí kò bá lè ṣe é kó máa fa vape. Ariwo pọ̀ nígbà náà. Ohun tí wọ́n rò ni pé ẹni tó ń fa sìgá, ó sàn kó bọ́ sórí vape ju kó dúró sórí sìgá lọ. Àmọ́ ìta ni o! Inú ọgbà, lábẹ́ igi, lórí bẹ́ńṣì. Ní wọ́ọ̀dù tí aláìsàn wà, tí ọ́síjìn wà, kò sẹ́ni tó máa gbà yín láyè níbí náà. Torí náà nọ́ọ̀sì tó pariwo mọ́ yín yẹn, ohun tí nọ́ọ̀sì Birmingham máa ṣe ló ṣe.

Ẹ má dẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé vape àti sìgá dọ́gba kẹ́ ẹ wá tìtorí ẹ̀ padà sí sìgá. Wọ́n ṣe ìwádìí kan níbí tó jáde ní 2019, èèyàn 886 tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, wọ́n fún àwọn kan ní vape, wọ́n fún àwọn yòókù ní ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú 100 àwọn tó gba vape, 18 ti jáwọ́ nínú sìgá, nínú 100 àwọn kejì, kò ju bíi 10 lọ. Ẹ̀yin gan-an wà lára irú àwọn 18 yẹn, nǹkan ńlá lẹ ṣe. Àmọ́ apá kejì ìwádìí yẹn tí àwọn tó ń ta vape kì í sọ ni pé nínú àwọn tó fi vape jáwọ́ yẹn, 80 nínú 100 ṣì ń fa vape lẹ́yìn ọdún kan. Wọ́n kúrò nínú sìgá, wọn ò kúrò nínú nikotíìnì. Ibẹ̀ lèmi náà wà fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ bá mi wo ara èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Kí ni wọ́n kọ sí i? Níbí, òfin ò gbà kó ju 20 mg nikotíìnì nínú mílílítà kan. Tẹ́ ẹ bá rí "5%" lára tiyín, 50 mg nìyẹn, ó ju ìlọ́po méjì ti ibí lọ. Ọ̀pọ̀ èyí tí mo rí l'Ákùúrẹ́ nígbà tí mo wálé, 5% ni. Ẹni tó ń fa irú ẹ̀ nígbàkúùgbà tí dókítà bá wọlé, ara ẹ̀ ò lè fara rọ. Ẹ dẹ̀ má ra èyí tí ẹnikẹ́ni pò nílé o, ẹ má gba èyí tí wọ́n fi igbó sí. Ní Amẹ́ríkà ní 2019, ó lé ní 2,800 èèyàn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn bàjẹ́ débi tí wọ́n fi gbé wọn dé ọsibítù, àwọn 68 kú nígbà tí wọ́n fi máa ka iye wọn ní February 2020. Òróró fítámíìnì E tí wọ́n fi lú omi igbó ni wọ́n rí pé ó fà á jù.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín tó jẹ́ pé ìrírí mi ni. Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn ìkẹyìn wọn, mo wálé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dúró tì wọ́n. Bátìrì vape mi kú lọ́jọ́ kan, iná ò sí, mo wá jáde lọ sídìí igi máńgòrò tí mo máa ń lọ ní dédé àsìkò yẹn, mo dúró síbẹ̀, mo ń mí. Mo fa afẹ́fẹ́ símú dáadáa, mo fi í sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí mo ṣe máa ń ṣe tí vape bá wà lẹ́nu mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ju ìdajì ara tó ń tù mí tẹ́lẹ̀ tó tù mí lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe vape nìkan ni mò ń lọ fà níta. Mò ń lọ sinmi kúrò lójú ìrora ìyá mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún ni, vape ló kàn ń fún mi láṣẹ láti lọ. Ẹni tí kì í fa nǹkan kan, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé "lọ síta díẹ̀". Àá máa jókòó tì wọ́n títí tí orí wa á fi dàrú.

Torí náà ẹ máa lọ síta. Pẹ̀lú vape, láìsí vape, ẹ ṣáà máa lọ. Ẹ dín ti vape kù díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ yìí já a lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá mọ̀ pé sìgá ló máa gbà yín lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀_Á_Sàn

Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí nọ́ọ̀sì mo fẹ́ béèrè temi náà síbí. Èmi ni mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kadà ló gbá mi lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, egungun itan kán, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò mu sìgá mọ́ látìgbà tí mo ti dé bí torí mi ò lè dìde, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ń mú vape wá fún mi, a máa ń bo aṣọ lórí fà á. Ṣé ó kan egungun ni?

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì_Oǹdó

Ó kàn án o. Nikotíìnì máa ń fún òpójẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibi tó kán dáadáa, ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ ló ń gbé ohun tó máa so egungun pọ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn tó ń mu sìgá, egungun wọn máa ń pẹ́ so, ojú ọgbẹ́ wọn máa ń pẹ́ jinná. Sọ fún dókítà tó máa kùn ọ́ lóorun kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, sọ gbogbo ẹ̀, vape àti sìgá, iye ọdún, iye ìgbà lóòjọ́. Wọn ò ní bú ọ, wọ́n nílò láti mọ̀ ọ́n kí wọ́n lè ṣọ́ mímí rẹ. Jọ̀ọ́ má bo aṣọ lórí fà á mọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni iná ti máa ń mú aṣọ, ẹni tí wọ́n so ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ irin ò dẹ̀ lè sáré. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù tí èèyàn bá jáwọ́, lẹ́yìn ìyẹn á máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ń mú un wá, ní kó máa mú ọsàn wá.

Ìyá_Àbíyè

Ọmọ mi Ọmọ_Ìdànrè, mo ti ka gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ó dáa, àmọ́ ẹnì kankan ò tíì béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè. Ta ló ń gbà ọ́ sílẹ̀?

Ọjọ́ kọkànlá lórí ẹní. Èmi dúró ti ọkọ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọsibítù, mi ò mu sìgá rí láyé mi, mi ò mọ vape, àmọ́ bó ṣe ń ṣe ọ́ yẹn ló ń ṣe èmi náà, kófí àti obì ni mò ń jẹ, mi ò sùn, ọjọ́ kan mo bá ara mi lójú ọ̀nà Ọjà Ọba mi ò rántí ohun tí mo wá rà, mo dúró síbẹ̀ mo ń sunkún láàárín ọjà. Obìnrin tó ń ta ata ló fà mí jókòó, ó fún mi lómi, ó ní "ìyá, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń ṣàìsàn yẹn o". Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi dòní.

Ìgbà yẹn ni mo pe àwọn ọmọ mi, mo ní mi ò fẹ́ owó lọ́sẹ̀ yìí, èèyàn ni mo fẹ́. A pín in. Ẹnì kan láti Mọ́ńdè sí Ọjọ́rú, ẹnì kejì látọjọ́ Ọjọ́bọ̀ lọ. Ẹni tó wà l'Ékòó tó ní òun ò ráyè, mo ní kó mú àyè wá látinú ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ níbi iṣẹ́. Inú bí i, ó sì wá. Dáadáa náà ni o, torí ìgbà tí bàbá ẹ̀ máa kú, òun ló wà níbẹ̀, ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí dòní pé mo fipá mú òun wá.

Pe àwọn àbúrò rẹ. Má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pè wọ́n kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ. Má sọ pé "ẹ bá mi wá wo bàbá". Sọ pé "ara mi ò gbà á mọ́". Ẹni tó jẹ́ àkọ́bí kì í fẹ́ sọ ọ́, mo mọ̀, wọ́n tọ́ ọ pé ìwọ lo máa ru ú. Ìyàwó bàbá ọlọ́síjìn tó ń fún ọ lómi gbígbóná yẹn náà ńkọ́, ṣé o ti lọ bá a? Lọ bá a, jọ̀ọ́. Kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Ibi kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ti ń ṣòru.

FUTA_Vaper

Àǹtí nọ́ọ̀sì mo ti ka gbogbo ẹ̀, ẹ ṣé. Ohun tí ẹni tí mo ti ń rà á sọ fún mi ni mo ń sọ fáwọn èèyàn, pé omi ni, mo wo ara páálí ẹ̀ lónìí, ohun tẹ́ ẹ pè yẹn gan-an ni wọ́n kọ sí i, 5% dẹ̀ ni gbogbo èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mi ò kà á rí. Bọ̀ọ̀dá Ọmọ_Ìdànrè ẹ má bínú pé mo ní kẹ́ ẹ máa fi pamọ́.

Ọmọ_Ìdànrè

Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ káàárọ̀ o. Mo ní kí n padà wá sọ ibi tọ́rọ̀ dé torí àwọn kan ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn lálẹ́ ọjọ́ tí àǹtí sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ tán. Ó ní bàbá òun náà kú sí ọsibítù, ó ní òun mọ̀ pé wàhálà ló gbé mi débẹ̀, pé ẹ̀rù ló ba òun ni òun fi pariwo. Ó bá mi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru: 152 lórí 96. Ẹni ọdún 37 ni mí o. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, kò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, ó ní kí n lọ gba káàdì tèmi náà kí dókítà rí mi, mo ti lọ.

Mo lọ bá ìyàwó bàbá ọlọ́síjìn náà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tó ti ń ki omi gbígbóná sínú kúlà mi.

Mo pe àbúrò mi ọkùnrin. Mo sọ ọ́ bí màmá Ìyá_Àbíyè ṣe ní kí n sọ ọ́. Ó dákẹ́ lórí fóònù, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé orí ẹní ni mò ń sùn, òun rò pé wọ́n fún mi ní bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ aago mẹ́fà àárọ̀ ló wọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì, òun ló sùn ti bàbá fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo lọ sílé, mo sùn fún wákàtí mọ́kànlá. Àbúrò wa obìnrin náà á wá lópin oṣù.

Vape yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta oúnjẹ níta gééti ló ń gbé báyìí, wọ́n bá mi fi sínú ike. Tí mo bá fẹ́ fà á, àfi kí n rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Lánàá ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ, nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin yẹn mo gba ike náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì tó kù mo kàn jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn ni, mo mí bí bọ̀ọ̀dá Birmingham ṣe sọ, mo padà. Mi ò dúró síwájú ọkùnrin tó ń já sìgá tà mọ́.

Bàbá gbé ìka ọwọ́ ọ̀tún lánàá, méjì, àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e. Obìnrin tó ń bá wọn ṣe eré ìdárayá ní kí wọ́n fún òun lọ́wọ́, wọ́n fún un. Wọn ò tíì lè pe orúkọ mi.